Àdùkẹ́, ṣé o ń sùn?

Àdùkẹ́ mi,

Obìnrin kan tọ́mọ tiẹ̀ náà wà ní Jámánì lọ́hùn-ún ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jà Òkè-Ajé, ó ní ọmọ òun sọ pé iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe báyìí, pé ẹ máa ń di ẹrù sí páálí títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibẹ̀ lo sì ti ń gba láàbù lọ tààrà. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo pè ẹ́, o ò gbé e. Mo kọ mẹ́sééjì, mo rí i pé o ti kà á, o ò fèsì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyá ẹni nìyẹn?

Bàbá ẹ ń kí ẹ o, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Àbúrò ẹ ti ṣe JAMB. Pálọ̀ ṣì ń jò, a ti gbé bàsíà síbẹ̀. Àdùkẹ́, ṣé o ń sùn?

Fóìsì nóòtì tó o ṣe fún mi nípa iṣẹ́ ẹ, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo fi bàólójì jẹun títí mo fi ritaya, ohun tí mò ń kọ́ wọn ní kíláàsì ò ju pé ewé ń ṣe oúnjẹ lọ́sàn-án, ó sì ń mí tọ̀sán-tòru. Ìwọ lo wá là á yé mi pé tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dé, ewé máa ń dín mímí yẹn kù, pé Bessel Kok ará Netherlands ti rí àmì ẹ̀ lára àwọn ewéko wínníwínní inú omi láti 1948. Pé pyruvate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà tí wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́ láti wọnú Krebs cycle, ìyípo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa agbára yọ látinú oúnjẹ, wọ́n á lẹ fọ́sífeètì mọ́ ọn lọ́sàn-án, iṣẹ́ ẹ̀ á wálẹ̀, cycle tí mo máa ń yà róbótó sára bọ́ọ̀dù yẹn ò sì ní yí po tán, citrate, ásíìdì kan tí ewé ti kó pamọ́ lóru, ló máa wá yọ lò láti fi ṣe ohun tí nitrogen á so mọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an! Rubisco náà tún wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń bá ewé mú carbon dioxide ṣe oúnjẹ, tó ń mú oxygen níbi tó yẹ kó ti mú carbon dioxide, pàápàá tí ooru bá mú, ni carbon dioxide á bá tún máa jáde látinú mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń mí, kó tó jáde tán chloroplast tó ń ṣe oúnjẹ ti tún gbé lára ẹ̀ mì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó le ni láti wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé iye tí igbó ń mí lóru fún ọ̀sán, ìṣirò wọn á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ gidi lò ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ewé gan-an, ohun tó fi òru kó jọ ló ń ná lọ́sàn-án. Ìwọ ńkọ́, kí lo fi òru kó jọ? Páálí? Ẹni tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn carbon dioxide, ṣebí èémí tiẹ̀ náà á kó sí i, gbogbo nọ́ńbà ọjọ́ yẹn á sì dojú rú. Má bínú, mi ò fẹ́ bá ẹ jà. Ṣé o ń jẹun ṣá?

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí regbéregbé wa mú aṣọ Ojúde Ọba, mo sọ fún ẹ pé ọmọ àwọn yòókù tó wà lókè òkun ti fowó ránṣẹ́. O ní, Màámi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Nígbà tówó dé, mo ṣàdúrà fún ẹ, mi ò bèèrè ibi tó ti wá. Àtìgbà tó o wà ní kékeré náà, tó o bá sùn lórí ìwé, omi tútù ni mo máa ń wọ́n sí ẹ lójú, mo ní olóorun kì í là. Ó ń dùn mí báyìí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo ti sọ fún ìyá alága pé tèmi ò sí nínú aṣọ tọdún yìí, ti tẹ́lẹ̀ ni màá wọ̀. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ owó ilé ló ń le, sọ ọ́, bàbá ẹ ṣì ń rí gààrí tà. Sọ fún ọ̀gá ẹ níbẹ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ń pa ẹ́ lára, wọ́n lè mọ ọ̀nà kan tí wọ́n á fi ràn ẹ́ lọ́wọ́. Kó o pè mí lọ́jọ́ Sátidé, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kó o sọ iye wákàtí tó o fi sùn fún mi, kó o sì sọ ibi tẹ́ ẹ bá ewé yẹn dé.

Màmá ẹ ni.