Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ Nítorí Edé Odò

Ẹ̀yin Alága wa àti ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa apẹja àti ìyá ẹlẹ́ja tó ń ná Ọjà Olúwò la kọ ìwé yìí. Edé odò ńlá, èyí tí akọ rẹ̀ ní apá gígùn, ti ń dín kù nínú ìgèrè wa.

Edé yìí kì í gbé ojú kan. Inú omi tí kò níyọ̀ ló ti ń dàgbà, nínú Ọ̀sà Lẹ́kkí àti àwọn odò bí Ọ̀ṣun tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè láìsí omi tó níyọ̀ díẹ̀. Bí òjò bá ti gbilẹ̀, abo á gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, á tẹ̀lé omi lọ sí apá Ọ̀sà Èkó, àwọn ọmọ á sì gòkè padà tó bá yá. Ọ̀sà Lẹ́kkí kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Iwájú Ẹ̀pẹ́ níbí ni wọ́n ń gbà kọjá, lálọ àti lábọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin la wá bẹ̀.

Àwọn kan ń da Gamalin sómi, oògùn apakòkòrò tí ìjọba ti fòfin dè, tó ń pa ìyá pa ọmọ, tó sì ń bá ẹja wọ ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn tó ń fa yanrìn ń tú ìsàlẹ̀ omi níbi tí edé ń sá pamọ́ sí. Èyí tó dùn wá jù ni pé edé ẹlẹ́yin gan-an ni oníbàárà ń ṣà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan lè ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin.

Àwọn kan lè sọ fún yín pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, kò ka edé yìí mọ́ wọn. Òótọ́ ni. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Àngólà ló wà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì wò pọ̀. Odò kan lè ṣófo kí ìwé wọn má yí padà. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdídò Diama lórí Odò Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1986, ọ̀nà edé yìí dí, ó sì di ọ̀wọ́n lókè odò. Edé yìí máa ń jẹ ìṣáwùrú tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Àrùn náà gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé àìsí edé wà lára ohun tó fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ta edé ẹlẹ́yin láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Ààyè ni edé máa ń wà nínú ìgèrè, a lè dá a padà sómi. Àwa ìyá ẹlẹ́ja ti ṣetán láti máa yẹ agbọ̀n ara wa wò. Ní ti Gamalin, ẹ fún wa ní òṣìṣẹ́ tí yóò máa bá àwọn apẹja ṣọ́ omi lóru. Ọ̀rọ̀ yanrìn, a mọ̀ pé ó kan ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, kí àwọn tó ń fa yanrìn jìnnà sí ẹnu àwọn odò kéékèèké.

A ń retí ọjọ́ tí ẹ máa dá fún wa láti wá bá yín jókòó, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Ẹgbẹ́ apẹja àti ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́