Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Ilẹ̀ Ìjọ?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó fún ìpàdé gbogboogbò ìjọ, a ó sì yan ènìyàn méjì láti rọ́pò àwọn trustee méjì tí sáà wọn ti pé. Láti ìgbà tí a ti kéde rẹ̀ ni ìbéèrè ti ń wọlé. Àwọn kan ní ṣé àwọn trustee ló ni ìjọ ni. Àwọn kan rò pé oyè ni, bí ìgbà tí a bá fi ènìyàn jẹ Bàbá Ìjọ tàbí Ìyá Ìjọ. Àwọn mìíràn ń bi ara wọn pé kí wá ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ nígbà náà. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó na ọwọ́ sókè.

Trustee kì í ṣe oníǹkan, ẹni tí a fi nǹkan ṣọ́ ni. Òfin CAMA (Companies and Allied Matters Act), òfin tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ya Apá F sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí a kò dá sílẹ̀ nítorí èrè, ìjọ Ọlọ́run sì wà lára wọn. Nígbà tí CAC (Corporate Affairs Commission), àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, bá forúkọ ìjọ sílẹ̀ lábẹ́ apá yìí, orúkọ ìjọ nìkan kọ́ ló máa ń wà lórí ìwé ẹ̀rí. "The Incorporated Trustees of" ni wọn á kọ́kọ́ kọ, kí orúkọ ìjọ tó tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójú òfin, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti di ara kan ṣoṣo tí kì í kú. Bàbá kan lè sùn nínú Olúwa, ìyá kan lè kó lọ sí Kánádà, ara yẹn wà síbẹ̀. Òun ló lè ra ilẹ̀, òun ló lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, òun náà ni wọ́n sì lè pè lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé àṣẹ ìjọ tàbí ti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni àwọn trustee yóò máa tẹ̀lé bí wọ́n bá ń lo agbára tó wà lọ́wọ́ wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣì í mú. Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu, trustee ló ń di ohun ìní mú, tó sì ń fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ìpinnu náà ti wí. Bí ìgbìmọ̀ kò bá pinnu pé kí a ta ọkọ̀ ìjọ, trustee mẹ́rin kò lè jókòó sí pálọ̀ ẹnì kan kí wọ́n fọwọ́ sí títà rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ti pinnu, tí ìpinnu ọ̀hún bá ìwé òfin ìjọ mu, trustee kò lè ki ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí nítorí pé inú rẹ̀ kò dùn sí i. Èmi pàápàá wà lábẹ́ ìwé òfin yìí.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Bí a bá ṣí ìwé ilẹ̀ ìjọ kan, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ojú lọ ni ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó tà á àti orúkọ ẹni tó rà á sí. Bí "Pásítọ̀ Lágbájá" bá wà níbi olùrà, Pásítọ̀ Lágbájá ni ìwé ń tọ́ka sí, kódà bó jẹ́ inú àpótí ọrẹ ni gbogbo owó náà ti jáde. Ọjọ́ tí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ní ogún bàbá àwọn ni. Ọmọ tó ti ń gbé òkè òkun láti kékeré, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí, lè mú ìwé jáde. Ìjọ á wá máa wá rìsíìtì ogún ọdún sẹ́yìn, á máa wá àwọn àgbà tó ṣojú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n ń kánjú ni. Ọmọ onílẹ̀ ń dúró de owó, ìjọ kò tíì forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá ṣáà fi orúkọ wọn sí i ná. "Ná" yẹn ló wá di ọgbọ̀n ọdún.

Bí ilẹ̀ bá ti yọjú kí ìforúkọsílẹ̀ tó jáde, kí lọ́yà kọ ọ́ gbangba sínú ìwé pé ìjọ ni àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ gbà á fún, pé wọn kò gbà á fún ara wọn tàbí fún àwọn àrólé wọn, kí orúkọ náà sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀sẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí CAC bá dé ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbé ilẹ̀ wọ orúkọ Incorporated Trustees.

Kí kọ́bọ̀ kan tó jáde, kí onísọ́fè tó níwèé àṣẹ dé orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó ya ilẹ̀ náà, kí a sì gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tó sì ti ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, ẹbí lè tà á fún ènìyàn mẹ́wàá, kò sí èyí tí yóò bá a délé nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló kan ẹbí. Òfin ilẹ̀ ẹbí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò sí rárá. Bí olórí ẹbí nìkan bá dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, títà náà wà, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí àwọn àgbà náà lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà láti ojúlé kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí i. Rìsíìtì tí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kọ lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kò tó. Lẹ́yìn ìwé àdéhùn ni gbígba ìfọwọ́sí gómìnà, èyí tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 béèrè fún. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í dé ibẹ̀. Wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri, owó á tán, ìwé á sì dúró ní ìdajì ọ̀nà.

Nínú Jeremáyà orí 32, nígbà tí ogun Bábílónì ká Jerúsálẹ́mù mọ́, tí wòlíì fúnra rẹ̀ wà ní àgbàlá túbú, ó ra oko kan ní Ánátótì ní ṣékélì fàdákà 17. Ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn owó lórí òṣùwọ̀n. Ìwé náà jẹ́ méjì: ọ̀kan tí a fi èdìdì dì, ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Bí ìlú ṣe dàrú tó nì, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra ilẹ̀. Ní tiwa, ojúlówó ìwé yẹ kí ó wà ní báǹkì, kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí olúkúlùkù trustee sì ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ojúlówó jáde, kí ó fọwọ́ sí ìwé kan: ọjọ́ wo, nítorí kí ni, ọjọ́ wo ni yóò dá a padà. Kò sí ìwé ìjọ tó yẹ kó máa gbé nínú àpótí aṣọ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ olóòótọ́ tó. Olóòótọ́ náà ń kú, ilé olóòótọ́ náà sì lè jóná.

Ẹ rántí pé ní ọdún 1901, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's Breadfruit ní Èkó kúrò nítorí ọ̀rọ̀ James Johnson, olùṣọ́-àgùntàn wọn tí wọ́n mú kúrò lórí ìjọ náà, tí African Church Bethel sì ti ibẹ̀ jáde, ilé ìsìn kò bá wọn lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Áńgílíkà ló wà títí di òní. Ẹni tí ìwé ń tọ́ka sí ni ilé ń tẹ̀lé.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìpàdé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀. Trustee méje ni ìwé òfin tiwa sọ. Mẹ́rin gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó lè pinnu ohunkóhun, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì ń pàdé. Ibi tí iṣẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ sí ni mínítì. Bí akọ̀wé bá kọ pé "a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ amúnáwá," kò kọ nǹkan kan. Kí ó kọ ọ́ báyìí: "A pinnu láti ra ẹ̀rọ amúnáwá kan. Alàgbà akápò yóò gba iye owó rẹ̀ wá lọ́wọ́ ilé ìtajà mẹ́ta kí oṣù yìí tó parí. Ènìyàn márùn-ún fara mọ́ ọn, ẹnì kan kò fara mọ́ ọn." Mínítì irú èyí ni báǹkì, ọ̀dítọ̀ àti adájọ́ lè lò. Òǹtẹ̀ ìjọ náà kò gbọdọ̀ kan ìwé kankan láìsí ìpinnu tí a kọ báyìí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ bá kan trustee fúnra rẹ̀, bí àpẹẹrẹ tí àbúrò rẹ̀ bá ń ta búlọ́ọ̀kù tí a fẹ́ rà, kí ó sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í, kí ó jáde nínú yàrá, kí mínítì sì sọ pé ó jáde. Òfin kò gba ọmọ ìgbìmọ̀ tàbí trustee láyè láti máa gba owó oṣù ìjọ, àfi àwọn tí ipò wọn gan-an ló gbé wọn síbẹ̀. Owó ọkọ̀ tó ná láti lọ ṣiṣẹ́ ìjọ, a lè dá a padà fún un. Bí ìjọ bá yá ilé rẹ̀ lò, a lè san owó ilé tó bá ọjà mu. Bó bá sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìjọ, owó iṣẹ́ tó tọ́ wà fún un. Ṣùgbọ́n pínpín owó láàárín ara wọn lópin ọdún ní orúkọ "ìmọrírì," èèwọ̀ ni.

Àwọn trustee kọ́ ló ń ka owó ọrẹ, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò dáhùn bí owó bá sọnù. Ẹ wo 2 Ọba 12: akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ló jọ ń ka owó inú àpótí, tí wọ́n sì jọ ń dì í. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn mẹ́ta tí wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà ló ń kà á kí wọ́n tó kúrò nínú ọgbà, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ ní oríṣi oríṣi: ₦1,000 mẹ́rìndínláàádọ́ta jẹ́ ₦46,000, ₦500 mọ́kànléláàádọ́rin jẹ́ ₦35,500, ₦200 àádóje jẹ́ ₦26,000, àpapọ̀ ₦107,500. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ajé, iye tó wà lórí télà báǹkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦107,500 gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá yọ ₦5,000 ra epo kí wọ́n tó lọ sí báǹkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìjọ ni wọ́n bu epo sí, ìṣirò ti dàrú nìyẹn, nítorí kò sí bí ọ̀dítọ̀ ṣe lè mọ̀ bóyá epo ni tàbí kì í ṣe epo. Kí gbogbo rẹ̀ wọ báǹkì ná, kí owó epo tó fi ìwé jáde. Ọdún mẹ́fà ni òfin sọ pé kí a tọ́jú ìwé ìṣirò.

Ta ni kò lè jẹ trustee? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí kóòtù ti kéde pé ó wọko gbèsè tí kò sì tíì bọ́, àti ẹni tí a dá lẹ́bi ọ̀ràn jìbìtì tàbí àìṣòótọ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ohun tí òfin sọ nìyẹn. Èmi fi kún un pé kí ó jẹ́ ẹni tí a lè rí. Trustee tí a gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́ta wá kí ó tó fọwọ́ síwèé, ẹrù ló jẹ́ fún ìjọ, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Kí a má sì ṣe yan tọkọtaya pọ̀.

Ìdìbò Ọjọ́ Àìkú kò parí iṣẹ́ o. Ìpinnu ìpàdé gbogboogbò yóò lọ sí CAC, a ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá ní àtakò yóò ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé. Kí CAC tó fọwọ́ sí i, orúkọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nínú ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí a má dúró de ikú. Àwọn ìjọ kan wà tí trustee wọn méje ti di méjì, tí àwọn méjì náà kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí owó wọn wá há sí báǹkì. Bákan náà, láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdọọdún ni a ń fi ìròyìn ọdún ìjọ ránṣẹ́ sí CAC. Ìjọ tó bá fò ó, wọn á kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo ìyípadà trustee á dúró títí yóò fi san ti àwọn ọdún tó jẹ sílẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ náà ní agbára tiyín. Bí àwọn trustee bá ń ba nǹkan jẹ́, ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ìjọ lè kọ̀wé sí kóòtù pé kí ó dá wọn dúró, pẹ̀lú ẹ̀rí. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹnu ẹ̀yìn nìkan ló kù.

Fọ́ọ̀mù ìfẹnusọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ọmọ ìjọ méjì ni yóò fọwọ́ sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà kí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tó parí. Àkọsílẹ̀ owó ọdún tó kọjá yóò wà lára pátákó lẹ́nu ọ̀nà láti òní, ẹ dákun, ẹ kà á kí ẹ tó wá béèrè. Àwọn tí ìdìbò bá gbé wọlé, kí wọ́n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ wọn dání, nítorí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni akọ̀wé yóò bẹ̀rẹ̀ ìwé CAC.