Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ tó ń lọ ka igi ní Kruger

Òṣogbo

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé Mọ́ńdè ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ Kruger, ọgbà ẹranko igbó ńlá ní Gúúsù Áfíríkà, láti lọ wo ohun tí iná àti erin ń fi igi inú ọ̀dàn ṣe. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já díẹ̀. Má kúrò lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ tó gbébọn, kí o sì máa yẹ ara rẹ wò fún eégbọn lálaalẹ́. Ìyẹn náà tó. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Bàbá àgbà rẹ kì í ṣàdédé ṣáná sí pápá. Ní oko wa lọ́nà Ìkìrun, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á já koríko kan, wọ́n á fi wé ìka. Bí kò bá ṣẹ́, wọ́n á ní àsìkò ti tó, iná á rọra jó. Bó bá ṣẹ́ pàù, wọ́n á dá ìṣáná padà sápò. Lọ́dún kan, ẹni tó múlé oko tì wá dáná ní àárín ọyẹ́. Iná náà jó igi irú kékeré kan tí mo fẹ́ràn, ó dúdú bí èédú. Mo sunkún, mo ní ó ti kú. Bàbá ní kí n dúró. Nígbà tí òjò rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá eérú kúrò nídìí rẹ̀: èèhù mẹ́ta, wọ́n pupa, wọ́n rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.

Nítorí náà, má yára kọ "ó ti kú" sínú ìwé rẹ. Bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi ná. Láti 1954 ni wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ jó àwọn ilẹ̀ àyẹ̀wò ní Kruger, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi hẹ́kítà 7. Wọ́n ń jó òmíràn lọ́dọọdún, òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n ń jó wọn yàtọ̀ síra, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan àwọn kan rárá. Ohun tí bàbá ń fi koríko kan ṣoṣo wá náà ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Ti erin tún le jùyẹn lọ. Erin lè bó èèpo igi ńlá, kí iná gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé, kí igi wó. Má di gbogbo ẹ̀bi ru iná. Kọ méjèèjì. Kí o sì fọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn. Òun ló ń rí igi náà láàárọ̀ lálẹ́, ojú àlejò ni tìrẹ.

Bí o bá rí èèhù nídìí igi jíjó, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Fi ọwọ́ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ