Doc Rivers, ó tó gẹ́ẹ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló máa ń gba gbogbo ojú ìwé eré ìdárayá yín, Arsenal lónìí, Chelsea lọ́la, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún àwa tá à ń wo básíkẹ́ẹ̀tì náà láyè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Doc Rivers, tó jẹ́ kóòṣì Milwaukee Bucks ní 2025 tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ti sú mi pátápátá.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í wo NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, Bucks yìí ni tíìmù Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tiwa náà ni, Athens ní Gíríìsì ni wọ́n bí i sí ní 1994, bàbá ẹ̀ tó ti dolóògbé jẹ́ Yorùbá, ìyá ẹ̀ jẹ́ Igbo. Lọ́jọ́ tí Bucks gba ife ní 2021, òun nìkan ju 50 pọ́ìntì sí Phoenix Suns lápẹ̀rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ ní lọ́wọ́ o, ẹ wá lọ fa ta lé lọ́wọ́?

Oṣù kìíní 2024 ni wọ́n lé Adrian Griffin tó jẹ́ kóòṣì wọn nígbà yẹn, ẹni tó ti borí nínú gémù 30 nínú 43, wọ́n lọ pe Doc kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ti jókòó tó ń ṣàlàyé gémù fáwọn èèyàn. Látìgbà yẹn, ìpele àkọ́kọ́ playoff, ìyẹn ìfigagbága ìparí sáà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa gba ife, ni wọ́n ń já sí, Indiana Pacers ló lé wọn ní 2024, Pacers yìí kan náà ló tún lé wọn ní 2025. Ẹ máa ní Giannis ṣèṣe ní 2024, pé Damian Lillard náà já iṣan ẹsẹ̀ ní 2025. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn.

Àmọ́ ẹ wo alẹ́ 29 oṣù kẹrin 2025. Gémù karùn-ún, ní Indianapolis, wọ́n ti wọ àfikún àkókò, òru ti lọ jìnnà nílé wa níbí, iná tún fẹ́ máa ṣe ségesège. Bucks 118, Pacers 111, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Giannis ti ju 30 pọ́ìntì, ó ti gba bọ́ọ̀lù 20 sílẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó ti fi bọ́ọ̀lù 13 fáwọn ẹlòmíì jù sáwọ̀n, kí ló tún kù kéèyàn ṣe? Pacers wá ju mẹ́jọ léra wọn, Bucks ò ju ẹyọ kan, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Gary Trent ti Bucks ó jáde, Tyrese Haliburton ti Pacers sáré wọlé ó jù ú sáwọ̀n, 119 sí 118, ó parí. Gbogbo èèyàn ń bú Trent. Èmi ò bú u o, ọmọ tó ti ju 33 pọ́ìntì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kóòṣì ni mò ń bi, torí pé tó o bá ń fi méje léwájú tí àwọn ọ̀tá ń ká ẹ mọ́ báyẹn, ta ló ń ju bọ́ọ̀lù wọlé, ta ló ń gbà á, ibo ni ẹni kẹta máa dúró sí tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà ẹni kejì, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ronú sí lójú pápá, orí prátíìsì ni wọ́n ti ń gbé e sínú àwọn ọmọ títí tí á fi di pé wọ́n lè fojú dídì ṣe é.

Ká ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, mi ò bá panu mọ́. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bàbá yìí ti léwájú pẹ̀lú gémù mẹ́ta sí ẹyọ kan, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló ń lọ síwájú, ẹyọ kan péré ló kù, tí wọ́n sì tún lé e nílé. Ti Orlando tó ń kọ́ ní 2003, Tracy McGrady tó jẹ́ ìràwọ̀ wọn ti ń yọ̀ pé òun wọ ìpele kejì, Detroit Pistons fi mẹ́ta gbáko léra wọn lé wọn. Ti 2015 ló burú jù lójú tèmi. Clippers tó ń kọ́ nígbà yẹn wà nílé ní Los Angeles, gémù kẹfà, wọ́n ti fi 19 léwájú Houston Rockets ní kọ́tà kẹta (kọ́tà mẹ́rin ló wà nínú gémù kan), James Harden tó jẹ́ ọ̀gá Rockets gan-an wà lórí béńṣì ní kọ́tà kẹrin, Josh Smith àti Corey Brewer ni wọ́n ń jù ú wọlé bó ṣe wù wọ́n, kọ́tà kẹrin nìkan Rockets ju 40, Clippers ju 15. Ogójì sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kóòṣì ń wò ó bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jó lórí iná tó ní ìyàwó òun ò tíì dé. Ní 2020 ẹ̀wẹ̀, Denver Nuggets, Clippers fi 16 léwájú ní gémù karùn-ún, 19 ní ìkẹfà, 12 ní ìkeje, wọ́n pàdánù gbogbo ẹ̀, Kawhi Leonard àti Paul George, ìràwọ̀ Clippers méjèèjì, ò rí pọ́ìntì kankan jù ní kọ́tà tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ Montrezl Harrell ṣì ni Doc ń fi ṣọ́ Nikola Jokic, ìràwọ̀ Nuggets, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí i pé apá ẹ̀ ò ká a. Wọ́n yọ Doc, wọ́n gbé Tyronn Lue sípò ẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Clippers kọ́kọ́ dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìtàn wọn. Ṣé ẹ rí i?

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an kì í ṣe ìpàdánù, torí kò sí ẹni tí kì í pàdánù, ẹnu ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní Orlando yẹn ipò kẹjọ ni wọ́n wà, kí wọ́n yin òun pé òun tiẹ̀ dé mẹ́ta sí ẹyọ kan. JJ Redick tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹ̀ ní Clippers ló sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ESPN ní oṣù kejì 2024 pé àwáwí ni ṣáá nígbà gbogbo. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Ó gba ife ní 2008 pẹ̀lú Boston Celtics, a ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, Kevin Garnett, Paul Pierce, Ray Allen, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n 2008 kọ́ là ń jẹ lónìí, Giannis ti pé ọgbọ̀n ọdún ní oṣù kejìlá 2024, eré ò sì ní máa wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyẹn títí ayé.

Ẹ wo tíìmù Cleveland. Gémù 48 ni wọ́n borí, wọ́n pààrọ̀ kóòṣì, Kenny Atkinson dé, ọmọ tó wà nílẹ̀ náà ló fi ṣiṣẹ́, kò sí ìràwọ̀ tuntun kankan, wọ́n borí gémù 64 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Pacers lé àwọn náà ní playoff, mo mọ̀, àmọ́ wọ́n rí ìyàtọ̀ ká tó dé ibẹ̀. Kí àwọn tó ni Bucks lọ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tí ebi iṣẹ́ ṣì ń pa, kí wọ́n jẹ́ kí Doc padà sídìí tẹlifíṣọ̀n tó ti wá, torí ká sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé.

Èmi òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn