Ta ló kọ́ wa níṣẹ́ tí à ń ṣe jẹ?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ló sú mi í gbọ́: “Nàìjíríà ò ṣe nǹkan kan fún mi.” Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tá a wà lókè òkun la máa ń sọ ọ́ jù. A ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, a ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́.

Èmi ò gbà. Nígbà tá a dé ìhín, ìdánwò ni wọ́n gbé ka iwájú wa: ti èdè Gẹ̀ẹ́sì (àwa tí wọ́n nà nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá!), ti orí kọ̀ǹpútà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní OSCE, níbi tí wọ́n ti ń wo bí ọwọ́ ẹni ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa ká tó wọ bàálù. Nílé la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnni lábẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo ojú aláìsàn kí wọ́n tó wo ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń fi iná tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Àwọn sístà tó kọ́ wa kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì ò bá gún, wọ́n á tú u ká, ìwọ á tún un tẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò ná kọ́bọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Owó ìlú wà níbẹ̀, owó àjọ tí àwọn ìyá wa kó náà wà níbẹ̀.

Ẹ rántí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ọmọ Èkó ni, ilé ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì kà á sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà sílé ní 1954. Nígbà tó yá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mẹ́tírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn.

Mi ò ní kí gbogbo wa padà o. Owó oṣù nílé ò gbọ́ bùkátà, ẹni tó bá lọ ò jẹ̀bi. Nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà gbé òfin jáde ní 2024 pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn l’Ábújá àti l’Ékòó, ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ẹ sanwó gidi fún wọn, ká wo iye tó máa lọ.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká bínú sí àwọn aláṣẹ, ọ̀tọ̀ ni ká sọ pé ilé ò fún wa ní nǹkan kan. Ọmọ tá a bí síhìn-ín ò mọ Ìbàdàn ju ohun tá a bá sọ fún un lọ.

Ohun tí mò ń bá ẹgbẹ́ wa sọ nìyí: ká fi aṣọ ẹbí ọdún kan sílẹ̀, ká fi owó rẹ̀ ra àwọn ère tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí, ká sì máa bá wọn ṣe kíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tá ò bá lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan ní wọ́n á jí ère náà gbé. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó gbé e lọ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ ṣọdún Kérésì, kó fà á lé olórí ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, kó sì gba rìsíìtì.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìbàdàn,
Manchester