Oògùn Rẹ̀ Ṣì Ku Oṣù Méjì

Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà yẹn, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ayọ̀ àbúrò mi ti dé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni kóòtù fún un ní béèlì, lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tó ti ń retí ìgbẹ́jọ́.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́n ní kékeré, díẹ̀ ló kù kí n má dá a mọ̀. Gbogbo àárín ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ti họ di egbò. Ó ní ara kan ara ni àwọn fi ń sùn, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo ìlà ló máa bá a yí. Bí ara bá wá ń yún ẹnì kan, kò ní pẹ́ tí gbogbo yàrá á fi máa họra. Ọṣẹ dúdú àti àdí ni Màámi fi ń tọ́jú ìyẹn. Ikọ́ ló fẹ́ gbé e lọ.

O rántí pé mo sọ fún ẹ nígbà ọyẹ́ pé ó ń wúkọ́? Mi ò mọ̀ pé ó ti lé lóṣù kan tó ti ń fi aṣọ bo ẹnu wú u. Ẹ̀rù ń bà á ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ikọ́ ife ni, wọ́n á lé e lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalángá, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jẹun mọ́. Nígbà tó wá sọ ọ́, wọ́dà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní irọ́ ni, pé ó fẹ́ wá ọ̀nà jáde. Ṣadé, ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Bí orí bá ń fọ́ èmi, kẹ́míìsì ni mo ń lọ. Níbẹ̀, o ní láti kọ́kọ́ bẹ ẹlòmíràn kó gbà pé ara rẹ ò yá. Ìgbà tó wú ẹ̀jẹ̀ jáde lójú wọn ni wọ́n tó gbà.

Mandela pàápàá, ikọ́ ife yìí kan náà mú un lẹ́wọ̀n ní 1988. Ìlànà tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi sọrí rẹ̀ ní 2015 sọ pé irú ìtọ́jú tí ẹni tó wà níta ń rí ni kí ẹlẹ́wọ̀n náà máa rí. Mo máa ń rò ó bí mo bá dúró lẹ́nu géètì.

Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún un, ló gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó, ẹnìkan ò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró láàárín. Ìtọ̀ Ayọ̀ pọ́n bí epo, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó fẹ́ dá oògùn náà dúró kí nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé fún un pé oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni ò sí. Ẹ̀wà tí omi rẹ̀ ju hóró lọ! Gbogbo Sátidé ni mo ń gbé ẹja gbígbẹ àti ẹyin sísè lọ láti Ọjà Ọba.

Tí wọ́n sì wá tú u sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní káàdì ìtọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní àwọn ò lè bá a tẹ̀síwájú láìrí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó yọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lo oògùn, mi ò sì sùn. Ó ti ń lò ó báyìí, ojú mi ló ti ń gbé e mì láràárọ̀.

Bàbá kan wà ní yàrá wọn, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà. Àwọn ọmọ wọn ló ń ra oògùn wá tẹ́lẹ̀, wọn ò wá mọ́. Ayọ̀ ló ń pín ẹyin rẹ̀ fún wọn. Bó ṣe dé báyìí, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni kì í jẹ́ kó jẹun tán. Mo ti ra oògùn náà, màá gbé e lọ fún wọn ní Sátidé. Ayọ̀ ní òun fẹ́ bá mi lọ. Mo ní kó dúró sílé kó máa sinmi, àmọ́ ó ti fọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ sílẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Bùnmi