Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń jò lábẹ́ ọkọ̀ Bàbá

Tańkẹ̀, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà otútù Kánádà. Bàbá wà ní àlàáfíà ní Ọ̀fà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún wọn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí, nítorí àbúrò rẹ sọ fún mi pé mẹkáníìkì kan ti ní kí o fi owó ránṣẹ́ kí òun lè sọ gíà kalẹ̀, kí òun sì pààrọ̀ ọ́ìlì-síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde, tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Jọ̀wọ́, má fi owó náà ránṣẹ́. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń jò.

Nígbà tí àbúrò rẹ wà á dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní kí ó gbé e sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo sì tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, kí n lè kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ń kán. Omi tí AC ń tú jáde mọ́ gaara, kò ní òórùn, kò sì mú ewu kankan dání. Coolant inú rẹdiétọ̀, ìyẹn omi tí ń mú kí ẹ́ńjìnnì má gbóná jù, lè ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ a sì máa dùn díẹ̀. Adùn yìí ló ń tan ajá láti lá a, bẹ́ẹ̀ májèlé ni. Ọ́ìlì gíà ọ̀tómátíìkì sábà máa ń pupa. Ká ní ọ́ìlì bírékì ni mo bá níbẹ̀ ni, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wa ọkọ̀ náà kúrò lójú kan. Ohun tí mo bá lórí páálí dúdú, ó sì ki: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ó ń kán níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti so pọ̀.

Ọ́ìlì-síìlì tí mẹkáníìkì náà dárúkọ wà ní sàkáání ibẹ̀ lóòótọ́, n kò sì bá a wí pé ó ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ó ti ń kán. Ara irin ni yóò gbà ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo yóò tún gbá a sẹ́yìn, títí tí yóò fi dé ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, kí ó tó kán sílẹ̀. Ẹni tí ń wá orísun rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè, kí ó wá ibi gíga jù lọ tí ó tutù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ́ìlì àtijọ́ àti eruku ti bo gbogbo ẹ́ńjìnnì náà, kò sí ibi tí kò tutù. Nígbà tí ooru ẹ́ńjìnnì náà lọ tán, a fi ọ̀rá wé alternator tí ń pèsè iná ọkọ̀ àti àwọn ibi tí iná wà, a fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ ìyókù, a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Mo wá bu àtíkè funfun sí gbogbo ara irin tí mo fura sí, a wa ọkọ̀ náà dé Ajáṣẹ́-Ìpo, a sì padà. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ipa ọ́ìlì hàn kedere lórí àtíkè náà: láti abẹ́ tappet cover, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ní ẹ̀gbẹ́ tí ojú kì í tètè dé, ló ti ṣàn wá sí ibi tí gíà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Inú ilé gíà, níbi tí ọ́ìlì-síìlì ìbá ti máa jò, gbẹ táútáú. Òórùn jíjóná tí Bàbá ń sọ pé àwọn ń gbọ́ kò ṣẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà ń kán sórí páìpù èéfín.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover náà, rọ́bà tí ń dí etí ìdérí náà kí ọ́ìlì má baà jò, ni ooru ti mú le gan-an. Bí a ṣe ń yọ ọ́ ni ó ń ṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ lásán. A yọ PCV valve wò, ìdọ̀tí sì ti dí i pa. Ohun kékeré yìí ni èémí inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, bí ó bá sì dí, èémí náà yóò máa ti ọ́ìlì gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì jáde, tí tuntun náà yóò fi bàjẹ́ láìpẹ́. A pààrọ̀ méjèèjì, a sì ń mú àwọn nọ́ọ̀tì náà le díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí a má baà fún gásíkẹ́ẹ̀tì náà ya. Owó tí ó ná mi kò tó ohun tí à ń sọ láàárín ara wa.

Mo tún tẹ́ páálí mìíràn sábẹ́ ọkọ̀ náà mọ́jú, kò sí ohun tí ó kán sí i. Mo ti sọ fún àbúrò rẹ pé kí ó máa yọ gééjì ọ́ìlì wò láràárọ̀ kí wọ́n tó tan ọkọ̀, kí ó sì pè mí bí ó bá rí i pé ó ń lọ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni yóò wa ọkọ̀ náà padà sí Ọ̀fà fún Bàbá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àlàbí.